Kí Ló Dé Tí Super Eagles Fi Ń Fà Sẹ́yìn Bí Wọ́n Bá Ti Jẹ Góòlù?

ÌBÉÈRÈ



Òdòdẹ, ní Ìdànrè, ni mo ń gbé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo ti ń ta ohun mímu tútù. Lọ́jọ́ tí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù, mo máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n síta, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò àtàwọn bàbá tó ti oko kòkó dé á wá jókòó, a ó sì jọ wò ó. Kì í ṣe torí ọjà nìkan. Bàbá mi ló kọ́ mi ní wíwo bọ́ọ̀lù láti kékeré, bí wọ́n bá sì ń gbá a, èmi gan-an ni ariwo mi máa ń pọ̀ jù níbẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Bí àwọn ọmọ wa bá ti jẹ góòlù kan báyìí, ńṣe ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Gbogbo wọn á wá kó jọ síwájú aṣọ́lé. Nígbà tí a pàdé DR Congo ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré la fi jẹ góòlù, kí abala kìíní tó parí wọ́n ti dá a padà. Bí wọ́n ṣe dé láti ìsinmi, akọ́nimọ̀ọ́gbá yọ Osimhen! Ta ló ń yọ Osimhen nígbà tí a ń wá góòlù? Pẹnáàtì ló parí ẹ̀, Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ní oṣù Kìíní tó tẹ̀ lé e, a tún pàdé Mòrókò ní Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, a gbá ìṣẹ́jú 120 láìjẹ góòlù kankan, pẹnáàtì tún lé wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n máa fà sẹ́yìn ni? Kí ló dé tí a kì í gba etí pápá mọ́ bíi ti ìgbà Finidi àti Amunike? Ṣé kò ní dáa kí wọ́n lé Éric Chelle, kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ọmọ wa tó mọ̀ wá? Ọmọkùnrin mi ti ní òun ò wo Eagles mọ́ láé. Èmi náà fẹ́ jáwọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà.

Oníṣọ́ọ̀bù,
Òdòdẹ, Ìdànrè.

ÌDÁHÙN

Arábìnrin mi, ẹ kú àfaradà. Mo ka lẹ́tà yín, inú mi sì dùn pé ohun tí ẹ rí kì í ṣe àròsọ. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ sì ń rí i. Ìbínú yín tọ́. Ibi tí ẹ darí rẹ̀ sí nìkan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Osimhen, torí ó dà bíi pé òun ló dùn yín jù. Kì í ṣe pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kàn yọ ọ́. Ó farapa ní abala kìíní ni, kò sì lè tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà náà ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá ìṣẹ́jú 120 pẹ̀lú Gabon, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ góòlù méjì nínú àfikún àsìkò. Bí a bá ní ẹ̀sùn kan sí Chelle ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ní Rabat, ti Osimhen kò sí lára rẹ̀.

Ó wá ku fífà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká to àwọn eré náà bí wọ́n ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024, nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ní Bouaké, góòlù kan la fi ń ṣíwájú Gúúsù Áfíríkà títí di ìṣẹ́jú 90, kí Mokoena tó fi pẹnáàtì dá a padà. Ọwọ́ Stanley Nwabali ló yọ wá lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn èyí, ní àṣekágbá ní Abidjan, Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 38. Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú 62, Haller jẹ ìkejì ní ìṣẹ́jú 81, ife náà sì dúró sí Côte d'Ivoire. José Peseiro ni akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, Onyedika fi wá ṣíwájú orílẹ̀-èdè Benin, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lọ ìsinmi, Benin ti jẹ méjì. Finidi George ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ní Uyo, Osimhen fi wá ṣíwájú Zimbabwe ní ìṣẹ́jú 74, wọ́n sì dá a padà nígbà tí aago ti fẹ́ lu. Gabon dá tiwọn padà ní ìṣẹ́jú 89 kí a tó wá fi àfikún àsìkò nà wọ́n 4-1. Kódà ní Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tó kọjá, góòlù mẹ́ta sí òdo la fi ń na Tùnísíà, 3-2 ni eré parí sí, àyà gbogbo wa sì ń já. Ìgbà Chelle ni àwọn wọ̀nyí.

Ṣé ẹ rí i? Akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta, àìsàn kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ará Pọ́túgàl, ọ̀kan jẹ́ ọmọ wa tó mọ Eagles dénú, ìkẹta jẹ́ ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fún Mali. Bí ó bá jẹ́ pé àṣẹ ẹnì kan ló ń fa ọ̀rọ̀ yìí, lílé ẹni náà ì bá ti wò ó sàn.

Èmi tí mo ti dúró létí pápá rí kò tíì pàdé akọ́nimọ̀ọ́gbá tó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 40 pé kí wọ́n lọ jókòó síwájú aṣọ́lé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá ń ṣíwájú ní góòlù kan, bọ́ọ̀lù ló nílò. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀, alátakò ò lè jẹ góòlù, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì ráyè mí. Bọ́ọ̀lù dídì mú yìí ni iṣẹ́ àwọn tó wà láàárín pápá. Tí wọn ò bá rójú ṣe é, ẹni tó wà lẹ́yìn tó rí bọ́ọ̀lù gbà á kàn gbá a sókè réré lọ bá Osimhen, ẹni tí alátakò méjì tàbí mẹ́ta ti há sáàárín. Bọ́ọ̀lù náà á padà wá kí ẹ tó ṣẹ́jú. Bó ṣe ń padà wá ni àwọn ẹlẹ́yìn ń sún ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn. Àwọn ará àárín náà á sún tẹ̀ lé wọn láti gbèjà wọn. Láìpẹ́, ọ̀gbun ńlá á ti wà láàárín Osimhen àti gbogbo àwọn yòókù. Alátakò á jókòó sínú ọ̀gbun yẹn, á máa rọ bọ́ọ̀lù wọlé láti ọ̀tún àti òsì, á máa gba kọ́nà lé kọ́nà. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fífà sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù tí kò yé padà wá ló ń tì wọ́n.

Àṣekágbá Abidjan ni ẹ̀rí tó hàn jù. Peseiro to ẹni mẹ́ta sẹ́yìn, ó fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sí etí méjèèjì, ó sì fi Iwobi àti Onyeka nìkan sáàárín. Ètò yìí kò burú. Òun ló fi wá la eré mẹ́rin já tẹ̀léra láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá góòlù sáwọ̀n wa: Côte d'Ivoire fúnra wọn, Guinea-Bissau, Cameroon àti Angola. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù, ẹni mẹ́ta ni Côte d'Ivoire kó sáàárín sí ẹni méjì tiwa, Fofana, Seri àti Kessié, a ò sì rí bọ́ọ̀lù mú. Àwọn ọmọ wa méjì tó wà létí di ẹlẹ́yìn, mẹ́ta ẹ̀yìn di márùn-ún, ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Adingra sì gba àyè. Kọ́nà tí ó gbá ni Kessié fi orí kàn wọlé. Bọ́ọ̀lù tí ó rọ láti òsì ni Haller fi jẹ ìkejì. Ibi tí mo ti dá Peseiro lẹ́bi ni pé láàárín góòlù àkọ́kọ́ àti ìkejì, ìṣẹ́jú bí ogún wà níbẹ̀, kò sì fi ẹnì kẹta kún àárín. Ẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn, mi ò ní bò ó.

Ó wá kan etí pápá. Èmi náà fẹ́ràn ìgbà Finidi àti Amunike. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó rí wọn tí kò fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1994. Amunike jẹ góòlù sí Ítálì ní ìṣẹ́jú 25. Wọ́n lé Zola jáde ní abala kejì, Ítálì di ẹni mẹ́wàá. Finidi wà níbẹ̀, Okocha àti Oliseh wà láàárín, ìṣẹ́jú méjì ló sì kù kí eré parí nígbà tí Roberto Baggio dá a padà. Òun náà ló tún fi pẹnáàtì lé wa nínú àfikún àsìkò. Ikọ̀ tó ní etí pápá tó dáa jù láyé wa jìyà ohun kan náà tí ẹ ń rí lónìí. Àwọn etí náà kò lè gbà wọ́n lọ́jọ́ tí àárín kò di bọ́ọ̀lù mú.

Ohun tí Chelle rí nìyí tó fi yan ètò tirẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló kó sáàárín: Ndidi lẹ́yìn, Iwobi àti Onyeka lẹ́gbẹ̀ẹ́, Lookman níwájú wọn, Osimhen àti Akor Adams sì wà lókè. Ó fẹ́ ká di bọ́ọ̀lù mú. Ohun tó fi rà á ni etí pápá tí ẹ ń wá yẹn. Àwọn ẹlẹ́yìn ọ̀tún àti òsì, Osayi-Samuel àti Onyemaechi, ni wọ́n gbọ́dọ̀ sáré gbogbo etí náà lọ, sáré gbogbo rẹ̀ bọ̀. Bó bá jọ, ó máa ń dùn-ún wò. Ẹ wo eré wa pẹ̀lú Algeria ní Marrakech ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 2026: Osimhen jẹ ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 47, Akor Adams jẹ ìkejì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, eré sì parí sí 2-0. Odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ la fi ṣíwájú ikọ̀ ńlá, a ò sì kó jọ síwájú aṣọ́lé. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń ka àwọn eré tó dùn yín, ẹ ka ìyẹn náà mọ́ ọn.

Eré Mòrókò ni ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín. Wọ́n dí àárín pa, àwọn ẹlẹ́yìn etí wa kò sì rọ́nà gòkè torí ewu tó wà lẹ́yìn wọn. Nígbà tí ilẹ̀kùn àárín ti tì, ó yẹ kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ti mú ẹni tó ń gba etí wọlé kí abala kejì tó jìn. Èrò tèmi ni pé Chelle gbẹ́kẹ̀ lé ètò rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó ní ètò kan ṣoṣo, bí alátakò bá ti kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ti parí. Kò tíì kọ́ wa ní ètò kejì tó dá lójú, mo sì fẹ́ kó ṣe é.

Pẹnáàtì ní tirẹ̀, ẹ má gbé e lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lórí púpọ̀. Òun ló kó wa yọ lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà ní Bouaké, òun náà ló lé wa ní Rabat, òun ló sì tún fún wa ní idẹ nígbà tí a borí Íjíbítì.

Nísinsìnyí, ó kan ìbéèrè tó wúwo jù nínú lẹ́tà yín: ṣé kí wọ́n lé e?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Eré mẹ́wàá la gbá nínú ìsọ̀rí wa fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026. Peseiro darí méjì, Lesotho àti Zimbabwe, ọ̀mì 1-1 ni méjèèjì: àmì 2 nínú 6. Finidi darí méjì, ọ̀mì kan, ìpàdánù kan: àmì 1 nínú 6. Chelle darí mẹ́fà, ó borí mẹ́rin, ó gbá ọ̀mì méjì: àmì 14 nínú 18. Àpapọ̀ tiwa jẹ́ 17. Gúúsù Áfíríkà ní 18, wọ́n sì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé FIFA yọ àmì mẹ́ta wọn torí agbábọ́ọ̀lù tí kò yẹ kí wọ́n lò. Àmì kan ṣoṣo! Ọkùnrin kan náà, Hugo Broos, ló sì wà lọ́dọ̀ wọn láti ọdún 2021 títí wọ́n fi dé ibẹ̀. Tiwa, láàárín Peseiro àti Chelle, yàtọ̀ sí Finidi, Eguavoen tún ṣe adelé, wọ́n tún kéde ará Jámánì kan, Bruno Labbadia, tí kò sì dé rárá. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa láti oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Rabat kàn jẹ́ ibi tí wọ́n ti ka ìwé ìdájọ́ náà sí wa létí.

Irú rẹ̀ kan náà ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022. Wọ́n lé Gernot Rohr ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 lẹ́yìn ọdún márùn-ún, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà Ghana wá gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú wa ní Abuja, wọ́n sì gba ìwé ìrìnnà lọ Qatar. Rohr náà ló sì wà pẹ̀lú Benin lọ́jọ́ tí wọ́n nà wá ní 2024.

Ẹnìkan lè bi mí pé, Côte d'Ivoire ńkọ́? Ṣebí wọ́n lé Gasset láàárín ìdíje tí wọ́n gba ife yẹn? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Emerse Faé tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú àgọ́ kan náà, ó mọ ẹni tó ń rẹ̀, ó mọ ẹni tó ń bínú, ó mọ ètò tí wọ́n ti ń kọ́. Ẹ ò lè fi ìyẹn wé ká gbé àlejò wọlé kí eré ku ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ ọmọ wa náà, mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, torí Stephen Keshi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Keshi ṣe ṣe é. Oṣù Kọkànlá ọdún 2011 ni wọ́n gbà á, oṣù Kejì ọdún 2013 ló gba Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ráyè. Ó ráyè lọ wo líìgì wa nílé, ó sì mú Sunday Mba láti ibẹ̀, ẹni tó jẹ góòlù tó lé Côte d'Ivoire, tó sì tún jẹ èyí tó fún wa ní ife. Nínú ìdíje yẹn kan náà, eré méjì àkọ́kọ́ parí sí ọ̀mì 1-1, Burkina Faso sì dá tiwọn padà nígbà tí a ti ń múra àtijó. Bí wọ́n bá lé e lọ́jọ́ náà, ife kankan kì bá sí. Finidi, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, eré ìsọ̀rí méjì péré ló rí darí kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kí lẹnikẹ́ni fẹ́ fi eré méjì kọ́ni?

Ẹ sọ fún ọmọkùnrin yín pé mo kí i. Bí Eagles bá tún ń gbá, kí ó fi Osimhen sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí ó máa wo Ndidi. Bí Ndidi bá ń gba bọ́ọ̀lù ní àárín gbùngbùn pápá, ara wa le, kódà bí a ò bá tíì jẹ góòlù. Bí ó bá ń gbà á ní ìta ilé wa, tó sì jẹ́ pé òkè réré ni wọ́n ń gbá a lọ lẹ́yìn náà, ewu ti dé, kódà bí a bá ń ṣíwájú. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ó wo etí pápá, bóyá akọ́nimọ̀ọ́gbá ti pe ẹnì kan kó wá múra. Bí kò bá tíì pè é, kí ó bínú. Ìbínú yẹn á lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ tún mú un lọ sí Àkúrẹ́, kò jìnnà sí yín, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ wo Sunshine Stars. Ikọ̀ yẹn dé eré tó ṣáájú àṣekágbá Champions League ilẹ̀ Áfíríkà ní 2012, wọ́n gbá 3-3 pẹ̀lú Al Ahly ní Ìjẹ̀bú-Òde kí àwọn ará Cairo tó fi góòlù kan ṣoṣo lé wọn. Irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa pèsè àwọn ọ̀dọ́ tó lè di bọ́ọ̀lù mú láàárín pápá fún wa. Àwọn tó ń jẹ góòlù pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó máa jókòó sáàárín, tí ara rẹ̀ á balẹ̀ ní ìṣẹ́jú 85, ni a ń wá.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn aláṣẹ àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa, NFF, ni pé kí wọ́n fi Chelle sílẹ̀ títí di Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà 2027 ní Kenya, Tanzania àti Uganda, kí wọ́n béèrè ètò kejì lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì máa san ẹ̀tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù lásìkò. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú eré Gabon, àwọn ọmọ wa kọ̀ láti lọ gbaradì torí owó tí wọn ò san fún wọn. Kò sí ètò akọ́nimọ̀ọ́gbá kankan tó lè tún ìyẹn ṣe.